Lotto ni mò ń gbé, òkun ni mò ń ṣiṣẹ́ fún

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Berger ní Lotto, mo gbé irin róbótó kan lé itan. Ó gùn bí apá mi láti ìgúnpá dé ọwọ́, ìdérí rẹ̀ sì ní bóòtù mẹ́fà. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo, "Berger! Berger! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ìyá kan tó jókòó tì mí ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo irin yẹn. Nígbà tí ara wọn ò gbà á mọ́, wọ́n ní:

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe gáàsì lẹ gbé lé itan yẹn?"

"Rárá, mà. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi òkun ni."

"Òkun kẹ̀? Ṣé òkun ti dé Lotto ni?"

Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá yẹn ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Lotto, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀: trélà, kórópe, ọlọ́kadà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, pàápàá lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò bá ń wọ́ lọ sí Redemption City. Láti ibẹ̀ dé etí òkun lé ní kìlómítà 40. Ta ló máa rò pé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òkun?

Ẹnjiníà mẹkáníkà ni mí. Iṣẹ́ mi ni láti yàwòrán ara àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣèwádìí òkun, kí n sì rí i pé wọ́n kàn án bó ṣe yẹ. Àwọn ẹlòmíì ló ń ṣe wáyà àti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Èmi ni mò ń kọ́ ilé tí omi ò ní ráyè wọ̀, àti irin tó máa dì í mú kí ìgbì má baà gbé e lọ.

Ẹ lè sọ pé kí ló kàn yín nínú ìyẹn. Ó dáa, ẹ rántí ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024. Lọ́jọ́ yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì dá kú lórí ọ̀pọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, áàpù báńkì ò ṣí, àwọn tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ ń laago. Àwọn wáyà ńlá tó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá ló já nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ohun tí ilé-iṣẹ́ MainOne sọ lẹ́yìn àyẹ̀wò wọn ni pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé inú afẹ́fẹ́ ni dátà ń gbà wá. Ìsàlẹ̀ omi ló ń gbà.

Wáyà ṣeé so padà ṣá. Ilé ńkọ́?

Mo ti wọkọ̀ ojú omi láti Igbókọ̀dá lọ sí Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Nígbà ayé rẹ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn níbẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ lóríṣiríṣi, wọ́n tan iná mànàmáná tiwọn. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tó mú mi káàkiri ń nawọ́ sínú omi: "Ibí yìí ni àdúgbò báyìí wà. Ibẹ̀ yẹn la ti ń gbá bọ́ọ̀lù." Omi ni mò ń rí. Òpó igi mélòó kan ló yọrí.

Ó lé ní 20 ọdún tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìdáàbòbò etíkun yẹn. Ìbéèrè tí mo gbé bọ̀ wálé ni pé: ṣé omi ló ń gòkè ni, àbí ilẹ̀ ló ń rì, àbí iyanrìn etíkun ló ń ṣí lọ? Ó lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ oògùn wọn ò dọ́gba. Bí iyanrìn bá ń lọ, wàá dá a padà tàbí kí o wá ohun tó máa dá a dúró. Bí ilẹ̀ bá ń rì, ògiri tí o bá kọ́ á máa bá a rì ni. Ẹni tí kò wọn nǹkan kan, tó wá ń gbé kọ́ńtíráàtì jáde, ó dà bí dókítà tó ń kọ oògùn láì wo aláìsàn.

A ti rí irú rẹ̀ rí l'Ékòó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn òyìnbó amúnisìn to òkúta wọnú òkun lẹ́nu èbúté Èkó kí ọkọ̀ lè máa ríbi wọlé. Ọkọ̀ ń wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn tó máa ń ti ìwọ̀-oòrùn rìn lọ sí ìlà-oòrùn bá òkúta pàdé, ó dúró síbẹ̀, ebi iyanrìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa Bar Beach. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da iyanrìn síbẹ̀ tí òkun ń kó o lọ.

Iṣẹ́ wíwọ̀n yìí rọrùn létí, ó le lọ́wọ́. Láti ọdún 1993 títí di ìsinsìnyí, òkun àgbáyé ti ga ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 10. Ìyẹn ni pé ohun tó ń fi kún un lọ́dún kan ò nípọn ju owó kọ́ìnì méjì tí a tò léra lọ. Bẹ́ẹ̀ omi etíkun wa ń kún, ó ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ń tó nǹkan bíi mítà kan. Inú gbogbo wàhálà yẹn lo ti fẹ́ rí kọ́ìnì méjì. Bí irin tí mo fi di ẹ̀rọ mọ́ òpó bá yọ̀ wálẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà kan péré, irọ́ bí ọdún mẹ́ta ni mo pa fún ìjọba yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo bóòtù kan lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ohun míì tó le ni ìwúwo omi. Bí o bá ti ń wọlẹ̀ ní mítà 10, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bíi kìlógíráàmù kan ń kún ohun tó ń tẹ gbogbo ibi tó fẹ̀ tó èékánná ìka kékeré. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Argo wà káàkiri òkun àgbáyé, wọ́n tó nǹkan bíi 4,000. Mítà 2,000 ni wọ́n ń mù dé. Lọ́hùn-ún, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin ló wà lórí èékánná kan yẹn. Bí Argo bá fẹ́ gòkè, á ti òróró láti inú ara rẹ̀ sínú àpò rọ́bà kan níta. Àpò á wú, ara á fẹ̀, ìwúwo ò ní kún, omi á bá gbé e sókè. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá ló ń yọjú, á ju ohun tó rí sí sátẹ́láìtì, á tún wọlẹ̀ padà.

Èmi ò tíì ṣe irú ìyẹn. Etí omi ni tèmi ń gbé, níbi tí omi ò ti jìn ju mítà mélòó kan lọ. Síbẹ̀, òkun dójú tì mí.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lára òpó kan tó dákẹ́. Nígbà tí a tú u, omi iyọ̀ ti wọlé, ó ti jẹ gbogbo bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ nìkan ju owó oṣù mi lọ. Mo tún ìṣirò mi wò, kò sí àṣìṣe. Mo pààrọ̀ rọ́bà O-ring tó wà lẹ́nu ìdérí, mo tì í bọ inú omi láti dán an wò, ó tún jò. Mo gbé e wálé sí Lotto, oorun ò kùn mí.

Mẹkáníìkì àgbà kan wà ládùúgbò wa tó ń tún ẹ́ńjìnnì trélà ṣe. Wọ́n bá mi níbi tí mo jókòó sí, wọ́n gba irin yẹn lọ́wọ́ mi. Wọn ò wo ìwé. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu ẹnu ihò náà yíká, wọ́n ní:

"Ẹnjiníà, ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ gé rọ́bà yìí. Ẹnu ibí mú bí abẹ. Bí ìdérí ṣe ń wọlé, ó ń gé rọ́bà jẹ. Ojú ò lè rí i, omi á rí i. Ní kí wọ́n dá ẹnu ẹ̀ gẹ̀rẹ́, fi gíríìsì sí rọ́bà, má sì jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ kankan dé ibẹ̀. Oil seal trélà náà, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é."

Ohun tí wọ́n sọ yìí wà nínú ìwé tí mo kà ní yunifásítì. Mo kà á, mo yege, mo gbàgbé. Ọwọ́ tiwọn ò gbàgbé. Ọmọ iṣẹ́ kan tó ń lo ẹ̀rọ lathe lójú ọ̀nà bá mi dá ẹnu rẹ̀ gẹ̀rẹ́ láàárín wákàtí kan. Láti ìgbà náà, omi ò wọlé mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Mo fi bóòtù stainless de ìdérí alumíníọ̀mù, omi iyọ̀ sọ wọ́n di ọ̀tá, bóòtù ò ṣe nǹkan kan, ó jẹ ìdérí ní ihò-ihò. Báyìí, mo máa ń fi ike pààlà sáàárín wọn. Àwọn ẹran kéékèèké eléèpo líle tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi wá di ihò tí omi ń gbà wọlé sí sẹ́ńsọ̀. Wọn kì í fẹ́ràn bàbà, nítorí náà mo fi bàbà yí ẹnu ihò náà ká. Ìgbà kan, wọ́n jí ẹ̀rọ gbé pẹ̀lú òpó rẹ̀. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Láti ọdún 1997 ni Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà ti ń gbé ẹ̀rọ PIRATA sójú òkun Àtìláńtíìkì, àwọn tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí náà ti jìyà lọ́wọ́ àwọn apẹja. Mo pààrọ̀ ọ̀dà tó ń dán, mo kun ún ní àwọ̀ ẹrẹ̀. Ohun tó wá ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mo lọ bá àwọn apẹja, mo fi ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe hàn wọ́n. Àwọn ló wá ń ṣọ́ ọ báyìí.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Mo ti wọ ibi iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, mo bá ẹ̀rọ olówó ńlá tó ti òkè òkun wá nínú káńtà, eruku bò ó. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n ní àwọn ń retí kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi òmíì ránṣẹ́. Ọdún ti yípo. Ohun tí o ò lè tú, tí o ò lè dè, o kàn ń bá olówó rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ ni.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹnjiníà, ṣé ojú títì Lotto lẹ ti fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó máa wọ mítà 2,000?" Rárá o. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Sẹ́ńsọ̀ ṣì ń ti òkè òkun wá, irin titanium ò sí ní Lotto, ibi tí a ti lè dán ẹ̀rọ wò lábẹ́ ìwúwo ńlá ṣòro láti rí nítòsí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó rọrùn, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ etí omi, òpó rẹ̀, ìdérí rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀: ọwọ́ tó lè ṣe wọ́n wà láàárín Lotto, Mowe àti Ìbàfo. Wọ́n ń tún trélà ṣe ní báyìí nítorí trélà ni iṣẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọdún 1975 ni ìjọba dá NIOMR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun, sílẹ̀ ní Victoria Island. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ ìwádìí Norway, Dr Fridtjof Nansen, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ yẹn ti wọn omi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ àlejò ni, á wọn tiẹ̀, á lọ. Ìgbì Ayétòrò kì í lọ. Lọ́dún 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ ajé inú rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n kéré: nínú gbogbo owó tí wọ́n bá fi ra ẹ̀rọ, kí wọ́n yọ díẹ̀ fún èyí tí a kàn níbí, kí wọ́n sì gbé e sí àwọn etíkun tó ń ṣí lọ, kí ó pẹ́ níbẹ̀. Ọdún kan ò tó. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà mẹkáníkà ní UNILAG, ní FUNAAB, ní pólì, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé epo rọ̀bì nìkan lẹ ń lálàá rẹ̀. Bí pùrójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá yín bá dé, ẹ ṣe ohun kan tó máa wọ omi iyọ̀ fún oṣù mẹ́fà tí kò ní jò. Kẹ́ ẹ tó yàwòrán rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ní ti ìyá inú bọ́ọ̀sì, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan sí i kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ará Ìlàjẹ ni ọkọ àwọn, omi ti gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ. "Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ó lè dá omi dúró?"

Mo ní, "Kò lè dá a dúró, mà. Ó lè sọ fún wa bó ṣe ń bọ̀."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wo irin yẹn, wọ́n fọwọ́ kan bóòtù rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ tètè gbé e lọ síbẹ̀ nígbà náà."