Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ àti Àpá Tí Í Fi Sílẹ̀

Bí a bá fẹ́ ki ẹ̀dọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ki ẹni ńlá láàárín ìlú, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa lẹ́nu rẹ̀: ẹ̀dọ̀, àgbà òṣìṣẹ́ tí kì í sùn, a-gba-oúnjẹ-lọ́wọ́-ìfun, a-pa-oró-inú-ẹ̀jẹ̀, a-ṣe-òróǹro-yọ́-ọ̀rá, aláká tí ń kó agbára pamọ́ de ọjọ́ ebi. Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni ó fi ṣe ibùjókòó. Ó wọ̀n tó kílò kan àti ààbọ̀ lára àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ tí ó bá sì ti inú ìfun jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ yà kí ó tó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó dára títí tí ó fi di àléébù: kì í ráhùn. Eyín a máa ro, orí a máa fọ́, inú a máa run, àwọn wọ̀nyí a sì jẹ́ kí olówó ara mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀ lè jìyà fún ogún ọdún láìgbin pínkín, nígbà tí yóò bá sì fọhùn, ibà pọ́njú ti dé, ikùn ti wú, àwọn ará ilé sì ti ń wá ọ̀tá tí ó fi májèlé sínú oúnjẹ ẹbí wọn kiri àdúgbò. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́ kò sì kúrò lára ẹ̀fọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀rá ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti jókòó sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí ó ju 5 lọ nínú 100, àwọn oníṣègùn a ní ẹ̀dọ̀ náà ti lọ́ràá, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé bí ẹni mẹ́ta nínú àgbàlagbà mẹ́wàá ní gbogbo ayé ni ó wà nínú ipò yìí. Oúnjẹ tí ó ju èyí tí ara lò lọ, ẹlẹ́rìndòdò tí ṣúgà inú rẹ̀ kò lóǹkà, ọtí, àtọ̀gbẹ, àti ìjókòó sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́, àwọn ni wọ́n ń gbé e wá. Nígbà tí ara kò bá gbọ́ràn sí ínsúlìn lẹ́nu mọ́, ọ̀rá abẹ́ awọ àti ti inú ikùn a máa yọ́ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ a sì máa gbà á wọlé nítorí pé kò lè lé àlejò. Ní ilẹ̀ Faransé títí di òní, wọn a máa ki àgbàdo bọ pẹ́pẹ́yẹ lọ́nà ọ̀fun títí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò fi wú tí yóò sì lọ́ràá, wọn a sì tà á lówó gọbọi fún àwọn ọlọ́rọ̀. Kò sí ẹni tí ń ki nǹkan bọ àwa lọ́fun; ọwọ́ ara wa ni a fi ń ṣe é, ní òde ìnáwó kan dé èkejì, bí ikùn bá sì ti yọ síwájú, a ó ní ayé ń yẹ lágbájá. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, àwọn baba wa kò kúkú fi èyí pamọ́ fún wa.

Nígbà kan rí, ẹni tí wọ́n bá bá irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀, ọ̀mùtí ni oníṣègùn ń kà á sí, bí ó bá sì búra pé òun kì í fẹnu kan ọtí, wọn a wò ó bí òpùrọ́. Ní ọdún 1980 ni Jurgen Ludwig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic, ní ìlú Rochester ní Minnesota, kọ ìròyìn nípa aláìsàn 20 tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ń mu ọtí àmupara, bẹ́ẹ̀ wọn kì í mu ún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sanra. Mo máa ń rò ó pé àwọn ìyá ìjọ àti àwọn alhaja mélòó ni a ti fura sí láìṣẹ̀ láìrò kí ìròyìn náà tó jáde.

Ọ̀rá nìkan kọ́ ni ẹjọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò gbé ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá títí di ọjọ́ ogbó tí kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni èyí tí í tẹ̀lé e. Láàárín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, àwọn kan wà tí Kupffer, ará Jámánì, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1876, tí a ń fi ìràwọ̀ pè nítorí ìrísí wọn. Ní ìgbà àlàáfíà, iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ ni iṣẹ́ wọn: àwọn ni wọ́n ń tọ́jú fítámì A pamọ́ fún ara. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá pọ̀ tí ó dá ọgbẹ́ sí ẹ̀dọ̀ lára, tí ẹ̀dọ̀ sì wú, àwọn ẹni pẹ̀lẹ́ wọ̀nyí a ju ẹrù fítámì wọn nù, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun okùn tín-ínrín tí ó yi, èyí tí í ṣe àpá. Ire ni wọ́n ń rò: wọ́n fẹ́ di ojú ọgbẹ́ ni. Àmọ́ ọgbẹ́ tí a ń dá lójoojúmọ́ kì í jinná, nítorí náà ahunṣọ kò ní ìsinmi, okùn náà a sì máa nà láti ibì kan dé èkejì bí afòmọ́ ti í gba ẹ̀ka igi kòkó mọ́ ọn lọ́wọ́, títí ìwọ̀nba ẹ̀dọ̀ tí ó kù yóò fi há sínú àwọ̀n.

Àwọn oníṣègùn ń ka àpá yìí láti 0 dé 4. Òdo ni ẹ̀dọ̀ tí kò ní àpá. 4 ni èyí tí ó ti le gbagidi, tí ó sì rí kókó-kókó. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ fi hàn pé, ní ìṣirò gbogbo, ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá nìkan wà nínú rẹ̀ a máa lo bí ọdún 14 kí àpá rẹ̀ tó fi ipele kan gòkè, èyí tí ó sì ti wú tí ó ń ṣọgbẹ́ a lo bí ọdún 7. Àwọn díẹ̀ wà tí tiwọn yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí ó bá di ipele kẹrin, ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà mọ́, a sì máa fipá padà sẹ́yìn. Iṣan inú ọ̀nà ọ̀fun a wú, ó sì lè bẹ́ kí ènìyàn máa bi ẹ̀jẹ̀. Omi a kún inú ikùn. Oró tí ẹ̀dọ̀ kò lè pa mọ́ a gun orí lọ, a sì da ọpọlọ rú. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì ń dọdẹ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro kí ẹ gbọ́ èyí: àrùn ọkàn ni ó ń pa àwọn ẹlẹ́dọ̀ọ́ ọlọ́ràá jù lọ, nítorí pé ohun kan náà tí ó sọ ẹ̀dọ̀ di ọlọ́ràá ni ó ń di iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi dùn sí àgbo tí a ń tà nínú mọ́tò pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀ mọ́, tí ẹni tí ń rà á kò sì mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Paraga burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé ọtí líle ni a fi rẹ egbò inú rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè bóyá àrùn yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 2004, bá ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ ẹni 24 nínú 100 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, 33 láàárín àwọn òyìnbó, àti 45 láàárín àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì. Ní 2008, wọ́n rí i pé àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Ìtùnú díẹ̀ ni, kì í ṣe ààbò, nítorí pé àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B wọ́pọ̀ láàárín wa, bí ó bá sì bá ọ̀rá nílé, ẹrù di méjì lórí ẹni kan.

Àyẹ̀wò kò nira. Skáànù lè fi ọ̀rá hàn, ṣùgbọ́n kì í fi àpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ hàn dáadáa, èsì ẹ̀jẹ̀ tí ó dára nìkan kò sì tó ẹ̀rí. Ohun tí a ó bi dókítà ni pé: ǹjẹ́ àpá ti wà níbẹ̀? Ó lè fi ọjọ́ orí ẹni, èròjà ẹ̀dọ̀ méjì tí ń jò sínú ẹ̀jẹ̀, àti iye èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ṣe ìṣirò tí wọ́n ń pè ní FIB-4. Èsì tí kò tó 1.3 fi ọkàn ẹni balẹ̀, èyí tí ó ju 2.67 lọ ń fẹ́ onímọ̀ ẹ̀dọ̀ kíákíá.

Oògùn méjì ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí, resmetirom ní 2024 àti semaglutide ní 2025, fún àwọn tí àpá wọn wà ní ipele kejì tàbí ìkẹta. Ṣùgbọ́n Havana ni mo fẹ́ kí a wò, ní Kúbà níbi tí àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ṣì ti ń bọ òrìṣà. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ kó aláìsàn 293 jọ, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù, wọ́n sì ní kí wọ́n máa rìn, fún ọ̀sẹ̀ 52. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2015. Nínú àwọn tí ó jọ̀ tó ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn, ìyẹn kílò 8 fún ẹni tí ó wọn kílò 80, ẹni 90 nínú 100 ni ẹ̀dọ̀ wọn kò wú mọ́, àpá sì dínkù lára 45 nínú 100. Àwọn tí ó lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá lọ. Èyí tí ó bá jọ̀ ní kílò mẹ́rin péré ti rí nǹkan gbà pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rá ni ó ń kọ́kọ́ kúrò, àpá sì ń pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.