Àyẹ̀wò ìṣòro ṣéènì táímíǹgì nínú ẹ́ńjìnnì àtúntò

Ṣéènì táímíǹgì ni ṣéènì onírin tó so ọ̀pá kíráǹkì mọ́ ọ̀pá káàmù nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí àwọn fáàfù lè máa ṣí kí wọ́n sì máa pa dé ní àkókò tó bá ìrìn písítìnì mu. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ tí wọ́n sì tún un tò, àyẹ̀wò ṣéènì yìí nira ju ti ẹ́ńjìnnì tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú lọ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn páàtì rẹ̀ ti wá láti ara ẹ́ńjìnnì tó ju ẹyọ kan lọ, kí àwọn àmì tó wà lára wọn má sì bá ara wọn mu mọ́. Nítorí náà, ìwọ̀n ni a fi ń mọ àrùn irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àmì tàbí ariwo nìkan.

Ní Ìpájà àti agbègbè rẹ̀

Ìpájà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, ọ̀kan lára àwọn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ nínú Alímòṣọ́ ní ọdún 2003. Ọ̀nà rẹ̀ já sí òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta ní Ìyànà-Ìpájà. Ní irú àdúgbò báyìí, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kó sìmẹ́ǹtì, pákó àti oúnjẹ ọjà. Ẹni tó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹun kì í sábà ra ẹ́ńjìnnì tuntun. Ó lè ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣín, tàbí kí ó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mẹkáníìkì láti tún un tò. Bí mẹkáníìkì bá ṣi àrùn ẹ́ńjìnnì náà mọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni olówó ọkọ̀ máa sanwó: yóò sanwó páàtì tí kò bàjẹ́, yóò sì pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró.

Àwọn ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rọ̀ náà kàn

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù ló ní ṣéènì. Ẹ́ńjìnnì OM 352 tó wà nínú Mercedes-Benz L 911, èyí tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí 911, gíà tó fi eyín kan ara wọn ló ń yí ọ̀pá káàmù rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 2L oní-dísẹ́ẹ̀lì ti Toyota Hilux ń lo bẹ́líìtì onírọ́bà. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú rẹ̀, pàápàá nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Lára àwọn ẹ́ńjìnnì oní-ṣéènì tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà ni ti Peugeot 504 oníbẹntiróòlù. Ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ yìí ní Kàdúná ní ọdún 1975. Inú búlọ́ọ̀kù ni ọ̀pá káàmù rẹ̀ wà, nítorí náà ṣéènì rẹ̀ kúrú. Èkejì ni Toyota 22R, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin tí ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ 2,366 cc, tó wà nínú ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́. Orí ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pá káàmù tirẹ̀ wà, ṣéènì rẹ̀ sì gùn. Láti nǹkan bí ọdún 1983, ṣéènì onílà kan ni wọ́n ń lò nínú rẹ̀ dípò onílà méjì, pẹ̀lú gáìdì oníke ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí gáìdì náà bá fọ́, ṣéènì á máa ha ara ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì, títí yóò fi lu ú dé ojú ọ̀nà omi rédíétọ̀, tí omi á sì dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń fi ìgbésẹ̀ mẹ́rin ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀pá kíráǹkì ń yí kí ọ̀pá káàmù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí eyín kẹ̀kẹ́ orí káàmù fi jẹ́ ìlọ́po méjì ti kíráǹkì. Bí kẹ̀kẹ́ káàmù bá ní eyín 36, tí ṣéènì sì fo eyín kan, káàmù ti ṣìnà ní dígíríì 10, èyí tó jẹ́ dígíríì 20 lójú kíráǹkì. Ẹ́ńjìnnì ṣì lè sítáàtì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lágbára láti gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Bí ó bá fo eyín púpọ̀, fáàfù lè kọlu písítìnì nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ó sì tẹ̀.

Tẹ́ńṣọ́nà ló ń ti gáìdì kí ṣéènì má baà dẹ̀. Nínú 22R, agbára ọ́ìlì ló ń ti tẹ́ńṣọ́nà náà jáde. Bí ọ́ìlì bá kéré, tàbí tí ó bá ti dọ̀tí jù, ṣéènì á dẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Àwọn àṣìṣe tí àtúntò ń fà

Ohun àkọ́kọ́ ni fífá ojú orí ẹ́ńjìnnì tàbí ti búlọ́ọ̀kù ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nínú ẹ́ńjìnnì tí káàmù wà lórí, fífá yìí ń mú káàmù sún mọ́ kíráǹkì, ṣéènì á dẹ̀ díẹ̀, káàmù á sì pẹ́ díẹ̀ sí àkókò rẹ̀. Fífá kò ní irú ipa yìí lórí 504, nítorí pé búlọ́ọ̀kù kan náà ló gbé ọ̀pá méjèèjì.

Èkejì ni fífi ṣéènì tuntun sórí kẹ̀kẹ́ eléyín tó ti jẹ. Eyín tó ti jẹ yóò tètè ba ṣéènì náà jẹ́. Ẹ̀kẹta ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìdérí, tó bá pọ̀ jù, tó sì wọ inú ihò ọ́ìlì tẹ́ńṣọ́nà lọ. Ẹ̀kẹrin ni púlì tí rọ́bà àárín rẹ̀ ti yọ̀: òrùka òde rẹ̀ á yí kúrò ní àyè rẹ̀, àmì tó wà lára rẹ̀ á sì máa parọ́. Ìdérí tó wá láti ara ẹ́ńjìnnì mìíràn náà lè gbé àmì sí ibi tí kò yẹ.

Àwọn àmì àìsàn

Bí ṣéènì bá ń pariwo fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí ọ́ìlì bá gòkè, tẹ́ńṣọ́nà ni a máa kọ́kọ́ fura sí. Bí ariwo náà kò bá dákẹ́ ní iwájú ẹ́ńjìnnì, gáìdì lè ti fọ́. Ariwo tápẹ́ẹ̀tì fẹ́ẹ́rẹ́, òkè ni ó ti ń wá. Ti kọ́nrọ́ọ̀dù jinlẹ̀, ó sì máa ń yí padà bí a bá yọ wáyà púlọ́ọ̀gì sìlíńdà náà. Bí a bá yọ bẹ́líìtì fáànù tí a sì tan ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, tí ariwo náà lọ, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ṣéènì: ó lè jẹ́ ti pọ́ǹpù omi tàbí ti àtánétọ̀.

Ìlànà àyẹ̀wò

1. Kí a yẹ ọ́ìlì wò. Èérún ike inú ọ́ìlì jẹ́ ẹ̀rí pé gáìdì ti fọ́. Ọ́ìlì tó funfun bíi wàrà fi hàn pé omi ti wọ inú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì náà lè fa èyí.

2. Kí a wọn bí ṣéènì ṣe dẹ̀ tó. A ó yọ wáyà bátìrì, a ó ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, a ó sì fi sípánà yí kíráǹkì sí ìhà tí ẹ́ńjìnnì ń yí sí. Lẹ́yìn náà, a ó yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí rótọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí mira. Iye dígíríì tí kíráǹkì fi yí kí rótọ̀ tó mira ni ìwọ̀n dídẹ̀ náà. Bí ó bá ju nǹkan bíi 5 sí 8 lọ, ìfura lórí ṣéènì ti lágbára. Gíà dísítíríbútọ̀ tó jẹ náà lè fi kún ìwọ̀n yìí, nítorí náà ó sàn kí a ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì 22R, kí a sì wo kẹ̀kẹ́ káàmù fúnra rẹ̀.

3. Kí a wá òkè písítìnì kìíní láìgbẹ́kẹ̀ lé àmì púlì. A ó fi igi tín-ínrín bọ ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀, a ó sì yí kíráǹkì jẹ́jẹ́ títí igi náà kò fi ní gòkè mọ́. Nígbà tí písítìnì yìí bá wà lókè fún ìjóná, tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀. Nínú 22R, píìnì orí ọ̀pá káàmù yóò kọjú sókè gan-an.

4. Kí a wọn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ nínú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí gbogbo wọn bá lọ sílẹ̀ bákan náà, a lè fura pé káàmù ti ṣìnà. Bí ọ̀kan tàbí méjì nìkan bá lọ sílẹ̀, ríìngì, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni a ó wò. Bí a bá da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sìlíńdà tí ìwọ̀n rẹ̀ sì gòkè, ríìngì ló jẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á tún ẹ́ńjìnnì tú nítorí ríìngì, nígbà tó jẹ́ pé eyín kan péré ni ṣéènì fo.

Àtúnṣe

Lẹ́ẹ̀kan náà ni a ń pààrọ̀ ṣéènì, kẹ̀kẹ́ eléyín méjèèjì, gáìdì àti tẹ́ńṣọ́nà. Nínú 22R, bóòtì kan wà ní iwájú orí ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì máa ń bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá yọ ọ́ kí ó tó fa ìdérí lè fọ́ ọ. Lẹ́yìn títò, ọwọ́ ni a ó fi yí kíráǹkì ní ẹ̀ẹ̀mejì gbáko kí a tó tẹ kíkì. Bí ohunkóhun bá dá a dúró, fáàfù lè ti kan písítìnì, a kò sì gbọdọ̀ fi agbára yí i. Kì í ṣe àṣìṣe bí àwọn ojú ṣéènì tó ń dán kò bá bá àmì wọn mu mọ́ lẹ́yìn yíyí yìí. Àmì ara kẹ̀kẹ́ àti òkè písítìnì kìíní ló gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu.