Kí Ẹ Tó Gbé Òòlù sí Ara Ọkọ̀ Yín

Ẹ̀yin ará, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ mi ọkùnrin fa ọkọ̀ mi sẹ́yìn, ó sì fi bọ́ńpà kọlu òpó géètì. Ojú ibẹ̀ tẹ̀ sínú bí àwo ọbẹ̀. Kò sọ fún mi. Ìyá rẹ̀ ni ó wá bẹ̀ mí ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo sọ!

Ohun tí ó mú inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ yìí kan náà ti tẹ̀ díẹ̀ rí. Mo gbé e fún ẹnìkan tí ń lu ara ọkọ̀. Ó fi òòlù lù ú títí ọ̀dà fi bó, ó fi pọ́tì dí i, ó sì kùn ún. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ìpáàrà ti ń yọ lábẹ́ ọ̀dà tuntun náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí í ṣe mẹkáníìkì ni ó wá kọ́ mi ní ọ̀nà tí ó sàn jù.

1. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́. Bí ọ̀dà kò bá là, tí ibẹ̀ kò sì ká bí ìwé tí a ṣẹ́, ìrètí wà. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé irin òòfà kékeré, irú èyí tí ó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò, kí ẹ gbé e lé e. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ike ni tàbí alumíníọ̀mù, tàbí kí pọ́tì wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ má ti ibi tí pọ́tì wà, nítorí yóò fọ́.

2. Bọ́ńpà oníke

Ike ni a fi ṣe bọ́ńpà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òde òní, omi gbígbóná sì ń mú ike rọ̀. Ẹ da omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, ẹ ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì tì í jáde. Lójú ẹsẹ̀, ẹ da omi tútù lé e kí ó lè le padà. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, ẹ sì ṣọ́ra fún wáyà iná.

3. Ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì onírin

Omi gbígbóná kò lè mú irin rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá fẹ̀ tí kò sì jìn, ẹ mú rọ́bà onígi tí a fi ń ṣí síńkì tí ó dí. Ẹ fi omi pa òun àti ara ọkọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì máa fà á díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ bá dé ẹ̀yìn ibẹ̀, ẹ fi aṣọ wé orí igi, kí ẹ máa fi tì í láti etí yípo wá sí àárín. Irin ara ọkọ̀ sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 1 lọ. Bí a bá fi òòlù lù ú, yóò na, irin tí ó bá sì ti na kì í fẹ́ padà sí àyè rẹ̀. Bí àpò atẹ́gùn ìdáàbòbò bá wà nínú ilẹ̀kùn, ẹ má tú u fúnra yín.

4. Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ dúró

Bí ọ̀dà bá ti là, tàbí bí ó bá jẹ́ etí ilẹ̀kùn ni ó ká, ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Títí ẹ ó fi gbé e lọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ọ̀dà díẹ̀ bo irin tí ó hàn, nítorí omi àti afẹ́fẹ́ ni ó ń fa ìpáàrà.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ọmọ mi gbé ìkẹ̀tùlù lọ sí ìdí ọkọ̀ náà. Ó ń da omi, èmi ń tì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ibẹ̀ fò jáde, pọ́ọ̀! Àmì kékeré kan kù, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ ọmọ mi fún ọ̀rọ̀ líle tí mo sọ. Ó ní, “Dádì, ẹ̀rù yín ni ó bà mí.”

Ẹ̀yin bàbá, ẹ tún ọkọ̀ yín ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó dé ibi tí ọmọ yín yóò máa fi ara pamọ́ fún yín nítorí bọ́ńpà.