Gẹ̀gẹ̀ Kọ́ Ni Gbogbo Rẹ̀: Omi, Oúnjẹ àti Àárẹ̀ Òṣìṣẹ́ nínú Ìwádìí nípa Ẹṣẹ́ Táírọ́ìdì

Ìfáàrà

Gẹ̀gẹ̀ ni Yorùbá ń pe kókó tí ó máa ń yọ ní iwájú ọrùn, onígẹ̀gẹ̀ sì ni ẹni tí ó ní in. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú èdè wa, ó sì ṣe rẹ́gí, nítorí pé ohun tí ojú rí ni ó ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ìwádìí ìṣègùn láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ti fi hàn pé àmì ni kókó náà jẹ́. Ohun tí ó ń fà á wà nínú omi, nínú oúnjẹ àti nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba ìlera jẹ́ láìjẹ́ pé ọrùn wú rárá. Iṣẹ́ yìí yóò ṣàlàyé díẹ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí. Yóò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò yẹ kí a máa fi "gẹ̀gẹ̀" túmọ̀ gbogbo àìsàn ẹṣẹ́ táírọ́ìdì nígbà tí a bá ń kọ̀wé nípa ìlera ní èdè Yorùbá.

Bí ẹṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Táírọ́ìdì rí bí labalábá tí ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Iwájú ọrùn ni ó wà, nísàlẹ̀ gògóńgò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe họ́mónù méjì tí a ń pè ní T4 àti T3. Áyódínì ni èròjà tí kò lè ṣe aláìní: átọ́mù rẹ̀ mẹ́rin ni ó wà nínú T4, mẹ́ta ni ó wà nínú T3. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà inú orúkọ wọn ti wá. Àwọn họ́mónù wọ̀nyí ni ó ń pinnu bí ara ṣe ń yára tó láti sọ oúnjẹ di agbára àti ooru. Bí wọn kò bá tó, ọkàn a máa lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òtútù a máa mú ènìyàn, awọ ara a gbẹ, ìrántí a dín kù, àárẹ̀ a sì wọ ara.

Ẹṣẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí ń ṣọ́ iye họ́mónù yìí. Bí họ́mónù bá ti dín, ẹṣẹ́ náà a tú họ́mónù mìíràn, TSH, sínú ẹ̀jẹ̀, láti mú kí táírọ́ìdì tẹra mọ́ṣẹ́. Bí áyódínì kò bá tó, táírọ́ìdì a máa tóbi sí i kí ó lè rí ìwọ̀nba tí ó wà gbà. Ìtóbi yìí ni gẹ̀gẹ̀. Nítorí náà, ìsapá ara láti gba ara rẹ̀ là ni ojú ń rí ní ọrùn onígẹ̀gẹ̀. Àìtó náà fúnra rẹ̀ kò hàn sójú.

Ọ̀nà tí ìwádìí gbà

Ní ọdún 1811, Bernard Courtois rí áyódínì nínú eérú ewéko òkun ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1820, Jean-François Coindet, oníṣègùn ní Geneva, bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo gẹ̀gẹ̀. Ní 1895, Eugen Baumann fi hàn ní Jámánì pé áyódínì wà nínú táírọ́ìdì gan-an. Láti 1917, David Marine àti O. P. Kimball fún àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní áyódínì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni gẹ̀gẹ̀ yọ lára wọn ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí kò lò ó. Láti 1922 ni Switzerland ti ń fi áyódínì sínú iyọ̀. Nàìjíríà sọ ọ́ di dandan fún àwọn tí ń ṣe iyọ̀ ní 1993.

Omi àti ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi lè gbé ọ̀tá wọlé. Lára sẹ́ẹ̀lì táírọ́ìdì, èròjà kan wà tí ó dà bí ìlẹ̀kùn tí áyódínì ń gbà wọlé. Ní 1996 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé bí a ṣe to ìlẹ̀kùn náà. Ó kù díẹ̀ káàtó ní ti pé áyódínì nìkan kọ́ ni ó lè dé ẹnu rẹ̀. Perchlorate, thiocyanate àti nitrate náà ń bá a du ọ̀nà. Ìwádìí kan ní 2004 fi wọ́n wé ara wọn: agbára tí perchlorate ní láti dí ìlẹ̀kùn náà tó ìlọ́po 15 ti thiocyanate àti ìlọ́po 240 ti nitrate.

Perchlorate ni a fi ń ṣe ohun tí ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì fò. Nígbà tí ó di 1997, tí ilé àyẹ̀wò ní California ti lè wọn ìwọ̀n rẹ̀ tí ó kéré gan-an, wọ́n rí i nínú ọ̀pọ̀ kànga àti nínú odò Colorado. Agbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Henderson, ní Nevada, ni ó ti ṣàn dé inú odò náà. Ní 2006, Benjamin Blount àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbájáde àyẹ̀wò àwọn ará Amẹ́ríkà wò. Láàrin àwọn obìnrin tí áyódínì inú ìtọ̀ wọn kéré, bí perchlorate ṣe ń pọ̀ ni T4 ń dín, tí TSH sì ń ga. Wọn kò rí irú rẹ̀ lára àwọn ọkùnrin. Ní ti nitrate, ajílẹ̀ oko àti ṣáláńgá tí a gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ni ó sábà máa ń gbé e wọ omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òdiwọ̀n rẹ̀ sí mílígíráàmù 50 nínú lítà omi kan.

Ẹ̀gẹ́ nílé wa

Thiocyanate kò ní láti ti ilé-iṣẹ́ wá. Cyanide máa ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa; ara a sì sọ ọ́ di thiocyanate. Ní 1967, O. L. Ekpechi so gẹ̀gẹ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ jíjẹ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní erékùṣù Idjwi, ní Kóńgò, àìtó áyódínì wà ní àríwá àti gúúsù, ṣùgbọ́n àríwá ni gẹ̀gẹ̀ ti gbilẹ̀. Àwọn olùwádìí so ìyàtọ̀ náà mọ́ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ nìkan kò dá gẹ̀gẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí áyódínì kò bá tó ni ó ti ń rí àyè ṣe ọṣẹ́. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa tí ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí ń rin ín, tí ń fún omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó yan gàrí, ọgbọ́n ìdáàbòbò ni, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú cyanide náà ń bá omi àti ooru lọ.

Àárẹ̀ òṣìṣẹ́

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀lẹ àti ẹni tí àárẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbani síṣẹ́ kì í sábà mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ nípa táírọ́ìdì fún ìyàtọ̀ yìí ní ẹ̀rí, ó sì kìlọ̀ fún wa pẹ̀lú. Ní 2005, Lewis Braverman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ òṣìṣẹ́ 29 wò ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe perchlorate. Ní àsìkò iṣẹ́, áyódínì tí táírọ́ìdì wọn ń gbà dín kù. Ní àsìkò ìsinmi, ó tún gbérí. Síbẹ̀, họ́mónù wọn kò dín. Àgbàlagbà tí ó ní áyódínì tó a máa ní ìpamọ́ nínú ẹṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, a kò lè di ẹ̀bi àárẹ̀ ru omi tàbí táírọ́ìdì láìṣe àyẹ̀wò TSH àti T4: àìtó ẹ̀jẹ̀, ibà àti àìsùn náà ń mú àárẹ̀ wá.

Ẹni tí ewu náà wúwo fún jù ni aláboyún, nítorí pé họ́mónù ìyá ni ọpọlọ ọlẹ̀ kọ́kọ́ ń lò. Ìwádìí James Haddow ní 1999 fi hàn pé àwọn ọmọ ọdún 7 sí 9, tí àìtó họ́mónù táírọ́ìdì ìyá wọn kò rí ìtọ́jú nígbà oyún, fi nǹkan bí máàkì 7 rẹ̀yìn nínú ìdánwò òye sí àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ìgúnlẹ̀

Gẹ̀gẹ̀ lè bá àìtó họ́mónù rìn. Ó lè bá àpọ̀jù rẹ̀ rìn. Ó sì lè wà nígbà tí họ́mónù wà déédéé. Ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ìwé ìlera bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gẹ̀gẹ̀, ẹni tí họ́mónù rẹ̀ ti pọ̀ jù lè lọ máa lo áyódínì sí i, kí àìsàn rẹ̀ sì burú sí i. Aláboyún tí ọrùn rẹ̀ kò wú náà lè rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Àbá wa ni pé kí "gẹ̀gẹ̀" dúró fún kókó ọrùn nìkan, kí a máa lo "àìtó họ́mónù táírọ́ìdì" àti "àpọ̀jù họ́mónù táírọ́ìdì" fún àìsàn méjì tí ó kù. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí aláìsàn mọ irú àyẹ̀wò tí ó yẹ kí ó béèrè fún.