Nígbàtí Àrùn Púpọ̀ Bá Pàdé Lára Àgbàlagbà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí wà nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbàtí ènìyàn bá di arúgbó, àìsàn kì í sábà dá nìkan wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tí í ṣe ìtọ̀ ṣúgà, àti làkúrègbé orúnkún a máa pàdé lára ẹnìkan ṣoṣo. A lè kápá wọn. Ṣùgbọ́n a kì í sábà lè lé wọn jáde pátápátá. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò dẹ́kun àti máa bi arúgbó léèrè lójoojúmọ́ pé, “Ṣé ara ti yá tán?” nítorítí ìbéèrè náà a máa dójú tì í.

Àwọn àrùn wọ̀nyí kì í gbé inú ara bí ayálégbé tí kò mọ ara wọn. Oògùn tí ó tọ́ sí ọ̀kan lè da èkejì rú. Lára ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, ẹni ọdún 74, ni mo ti rí i kedere. Oníṣègùn fún Màmá ní amlodipine nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn rere ni, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn mìíràn wú, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún Màmá. Oníṣègùn kejì, tí kò béèrè ohun tí wọ́n ńlò tẹ́lẹ̀, fi oògùn tí ńmú ènìyàn tọ̀ kún un nítorí ẹsẹ̀ wíwú náà. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ńjí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, tí wọ́n ńfi orúnkún dídùn tá òkùnkùn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbàtí ó sì sú wọn, wọ́n dẹ́kun omi mímu. Ìrora orúnkún ni ó mú wọn lọ ra ibuprofen ní ìsọ̀ kẹ́mísì. Bẹ́ẹ̀ ni ibuprofen àti diclofenac lè mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lára ẹni tí omi ti dínkù nínú rẹ̀, tí ó sì tún ńlo oògùn ìtọ̀. Ẹ wò ó bí oògùn ti ńbí oògùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi.

Nínú ìjọ a fẹ́ràn ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ńlo glibenclamide fún àtọ̀gbẹ kò bá jẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù: yóò làágùn, yóò gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dàrú, ó sì lè dákú. Lára arúgbó tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀, agbára oògùn náà a máa pẹ́ kí ó tó tán. Àwọn kan a pè é ní iṣẹ́ ayé, àwọn mìíràn a ní àgbà náà ńṣarán, nígbàtí ó jẹ́ pé omi ṣúgà ni ó yẹ kí a tètè fún un, bí ó bá ṣì lè gbé e mì. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi rọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti gbààwẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, àti ìgò àgbo pẹ̀lú, kí oníṣègùn kan ṣoṣo wò wọ́n pọ̀. Nítorí irú iṣẹ́ yìí ni a fi ṣí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó sí UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 2012.

Nígbàtí a tú àpò Màmá, oríṣi oògùn 11 ni a bá níbẹ̀. Méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀kan náà tí ó ńjẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Oníṣègùn náà béèrè ohun tí Màmá ńfẹ́ jùlọ. Wọn kò dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kò dárúkọ ṣúgà, wọ́n ní, “Mo fẹ́ sùn di òwúrọ̀.” Láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó pààrọ̀ amlodipine, ó mú oògùn ìtọ̀ kúrò, ó sì fi paracetamol rọ́pò ibuprofen. Orúnkún ṣì ńdùn wọ́n nígbà òjò, ṣùgbọ́n wọ́n ti ńmu omi.