Wàrà mímu àti èéfín ilé-iṣẹ́

Àríyànjiyàn lórí wàrà mímu dá lórí bóyá wàrà màlúù ń ṣe ara àgbàlagbà ní oore. Ní Ìjù àti Ṣàngó-Ọ̀tà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àríyànjiyàn náà ní ojú mìíràn. Agbègbè ilé-iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló sì gbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri Nàìjíríà, pé wàrà inú agolo máa ń fọ èéfín àti eruku kúrò nínú ara.

Èéfín, eruku àti òjé

Àwọn tó ń jó irin pọ̀, àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí sìmẹ́ǹtì àti àwọn tó ń yọ́ òjé inú bátìrì àtijọ́ wà lára àwọn tó máa ń mu wàrà lẹ́yìn iṣẹ́. Àṣà náà kò mọ sí Nàìjíríà: ní Rọ́ṣíà, òfin iṣẹ́ là á sílẹ̀ pé kí wọ́n máa fún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ tó léwu ní wàrà.

Ara máa ń tu ẹni tó mu ún lóòótọ́, nítorí pé ọ̀fun tí eruku ti gbẹ a rọ̀, ebi a sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín tí ènìyàn fà símú kì í gba ọ̀nà oúnjẹ. Ọ̀nà èémí ló ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró, láti ibẹ̀ ló sì ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ikùn ni wàrà ń lọ ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òjé nìkan ló díjú díẹ̀. Kálísíọ̀mù inú wàrà àti òjé máa ń du ọ̀nà kan náà nínú ìfun, nítorí náà òjé tí ènìyàn gbé mì máa ń tètè wọ ara ẹni tí kálísíọ̀mù kò tó lára rẹ̀, tàbí ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo. Oúnjẹ gidi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọwọ́ fífọ̀ kí a tó jẹun wúlò ní ọ̀nà yìí. Àmọ́ wàrà kò lè fa òjé tó ti dé inú ẹ̀jẹ̀ tàbí egungun jáde. Bí ó bá ti pọ̀ jù, oògùn tí dókítà ń fúnni ní ilé-ìwòsàn ló ń yọ ọ́. Ewu ìgbàgbọ́ yìí ni pé wàrà lè di àrọ́pò ìbòmú tó bá iṣẹ́ mu, ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Agolo wàrà sì rèé, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn wọ̀nyí.

Wàrà nínú ikùn

Ṣúgà kan wà nínú wàrà tí à ń pè ní lactose. Ìfun ọmọ ọwọ́ ń pèsè lactase tó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbàáyé, lactase máa ń dín kù lẹ́yìn tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn àwọn ọmọdé tó di Mínísítà Ìlera Nàìjíríà ní 1985, àti Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde nínú The Lancet. Wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni ìfun wọn kò lè lo lactose dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè lò ó.

Èyí ló ń fa inú kíkùn, inú wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn wàrà. Ẹni tó bá ka ìgbẹ́ náà sí àmì pé májèlé ń jáde ti ṣì í gbọ́. Ṣúgà tí kò dà ló fà á. Kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè mu ife kan pẹ̀lú oúnjẹ láìsí wàhálà. Wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, èyí tí wọ́n fi oje ewé bọmubọmu mú dì, rọrùn fún ikùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú lactose rẹ̀ ti bá omi tí wọ́n sẹ́ kúrò lọ. Orúkọ kan náà, wàrà, ni èdè Yorùbá fi ń pe méjèèjì, èyí tó máa ń da àríyànjiyàn náà rú.

Oúnjẹ inú rẹ̀

Ife wàrà màlúù kan, bíi mìlílítà 250, ní nǹkan bíi mílígíráàmù 300 kálísíọ̀mù àti gíráàmù 8 purotéènì. Kálísíọ̀mù tún wà nínú ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun àti nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́. Kì í sì ṣe gbogbo wàrà oníyẹ̀fun tó wà lórí àtẹ ló jẹ́ ti màlúù pátápátá: nínú àwọn kan, òróró igi ọ̀pẹ ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá wàrà, a sì máa ń kọ ọ́ sára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í.