Ṣingọ́ọ̀mù, Itọ́ àti Eyín Wa

Ẹni tó bá ń ra nǹkan ní Under G mọ̀ pé tí ọlọ́jà kò bá ní ṣénjì, ṣingọ́ọ̀mù ló máa fi dí i. Bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ṣe máa ń jẹ mẹ́ta, mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tilẹ̀ ti fi rọ́pò pákò: wọ́n á jí, wọ́n á ju ọ̀kan sẹ́nu kí ẹnu má baà rùn, ó tán. Wọ́n bi wá bóyá ó dára. Irú èyí tí wọ́n ń jẹ ló máa sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ itọ́, òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójúmọ́, ẹnu àgbàlagbà máa ń sun itọ́ tó ìdajì lítà sí lítà kan àtààbọ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu máa ń jẹ ṣúgà tí a bá jẹ, wọ́n á sì sọ ọ́ di ásíìdì tó ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀. Itọ́ ló ń pa agbára ásíìdì yẹn, òun náà ló ń dá kálísíọ́mù padà sára eyín. Iṣẹ́ yìí lè gbà tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tó bá ń fi nǹkan dídùn sẹ́nu ní gbogbo ìgbà kò fún itọ́ láyè.

Bí a bá ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, itọ́ á sun dáadáa: ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ìgbà tí ẹnu sinmi. Nítorí náà, èyí tí kò ní ṣúgà, tí a jẹ fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, ń ran eyín lọ́wọ́. Àwọn kan ní xylitol nínú, adùn tí kòkòrò eyín kò lè sọ di ásíìdì. Ìlú Turku ní Finland ni àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí ńlá lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí a ń gbà bíi ṣénjì, ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí “sugar-free” lára bébà rẹ̀, súwíìtì lẹ̀ ń jẹ.

Èyí tó dára jù pàápàá kò lè ṣe iṣẹ́ pákò. Kò lè họ ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀bá erìgì. Orín ata máa ń ta ahọ́n, itọ́ á sun, orín á sì tún máa ha eyín lọ. Iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí pé Ànọ́bì wa, ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a, fẹ́ràn síwáàkì. Kí á fi mákílíìn tó ní fúlọ́ráìdì kún un lálẹ́, nítorí itọ́ máa ń dínkù gan-an tí a bá sùn.

Nínú ààwẹ̀, ẹnu máa ń gbẹ, ṣingọ́ọ̀mù kò sì ṣeé jẹ lọ́sàn-án. Ẹ fọ eyín lẹ́yìn sààrì kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó yọ, ẹ sì mu omi dáadáa lẹ́yìn ìṣínu. Ẹni tí àgbọ̀n ń dùn, kó fi jíjẹ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti lu, ilé ìwòsàn eyín ni kó lọ, torí kò sí itọ́ tó lè dí ihò.

Àwọn ìyá tún bi wá nípa èyí tí ọmọ gbé mì. Kì í lẹ̀ mọ́ ìfun fún ọdún méje bí wọ́n ṣe ń sọ. Yóò bá ìgbẹ́ jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má kàn jẹ́ kó sọ ọ́ dàṣà.